Kí ni NGAPP Lórí Ìwé Ẹrù Mi?

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, mo sì fi dúrọ́ọ̀mù búlúù méjì ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Èkó. Nínú ìwé ẹrù náà, GBFXT ni wọ́n kọ síbi tí ọkọ̀ ojú omi ti gbéra, NGAPP ni wọ́n sì kọ síbi tí yóò gúnlẹ̀ sí. Aládùúgbò mi ní NGLOS ni Èkó ń jẹ́. Ṣé ẹrù mi kò ní ṣìnà?

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀. Ètò UN/LOCODE ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni àwọn àmì náà ti wá. Geneva ni wọ́n ti ń bójú tó o, ibi tí wọ́n sì ti fún ní àmì káàkiri ayé báyìí ti lé ní 100,000. Lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ dúró fún orílẹ̀-èdè: GB ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NG ni Nàìjíríà, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣì í kà sí NE, nítorí Niger ni ìyẹn. Mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni ibi náà gan-an, FXT fún Felixstowe, APP fún Àpápá.

Aládùúgbò yín kò parọ́ o. NGLOS ni Èkó lápapọ̀, LOS yẹn kan náà sì ni ẹ máa ń rí lára bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ báàgì yín ní pápákọ̀ òfurufú, nítorí pé ètò yìí máa ń yá lẹ́tà àwọn oníbàálù lò níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Òun náà ló fà á tí Lomé fi ń jẹ́ TGLFW, èyí tí kò sí ẹni tó lè fi orúkọ ìlú náà méfò rẹ̀. Lẹ́tà orílẹ̀-èdè iwájú yẹn kì í sì ṣe àṣerégèé, torí Lagos mìíràn wà ní ilẹ̀ Potogí, PT ni tirẹ̀ sì fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí èmi ì bá ṣọ́ ni NGTIN, ìyẹn Tin Can, tí kò jìnnà sí Àpápá rárá, ṣùgbọ́n tó jẹ́ èbúté ọ̀tọ̀. Bí ajẹ́ǹtì yín ní Èkó bá ń sáré ìwé ní Tin Can nígbà tí NGAPP wà nínú ìwé yín, ẹ̀yin ni owó ìdádúró yóò já lé lórí. Ẹ ya fọ́tò ìlà náà ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp lónìí, kí ẹ sì bi í léèrè èbúté tí ó ń múra sílẹ̀ fún.