"Gran" kì í ṣe ti ọkùnrin, "grande" kì í ṣe ti obìnrin

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè ìyàtọ̀ gran àti grande, "ńlá", lédè Sípáníìṣì, ta ló sọ fún yín pé ọkùnrin ló ni gran, obìnrin ló ni grande? Irọ́ gbuu! Wọ́n ń sọ un gran hombre (ọkùnrin ńlá), wọ́n sì ń sọ una gran mujer (obìnrin ńlá). Ẹni tó ṣe àlàyé yẹn rí buen amigo àti buena amiga (ọ̀rẹ́ rere, lọ́kùnrin àti lóbìnrin), ló bá kó gran mọ́ wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀-àpèjúwe dúró sí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-orúkọ ló sábà máa ń wà, tí á máa ya nǹkan sọ́tọ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀: casa blanca, ilé funfun, kì í ṣe èyí tó pupa. Èyí tó bá bọ́ síwájú, ó sábà máa ń wá yìn ni, tàbí kó bú, tàbí kó káàánú. Hombre grande ni ọkùnrin fìrìgbọ̀n. Gran hombre ni ẹni ńlá, bó tiẹ̀ kúrú. Hombre pobre ò lówó lọ́wọ́. Pobre hombre lè lówó bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àánú rẹ̀ ló ń ṣeni. Ṣé àwa náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni? Ilé ńlá, aṣọ pupa, ẹ̀yìn ni wọ́n wà. Àmọ́ tínú bá ń bí ìyá yín, "òpònú ọmọ" ló máa pè yín. Tínú ẹ̀ bá dùn, ẹ di "akọni ọmọ". Iwájú ni èébú àti ìyìn ń gbà wọlé.

Iwájú yẹn náà ni gígé ti ń wáyé. Bueno (dáadáa), malo (burúkú), primero (àkọ́kọ́), tercero (ìkẹta) ń ju o ìdí wọn nù níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ akọ tó jẹ́ ẹyọ kan: buen, mal, primer, tercer. Tó bá ti di púpọ̀, buenos amigos, kò sí gígé. Grande ní tiẹ̀ kò wo akọ, kò wo abo: ó ń di gran níwájú ẹyọ kan ṣáà ni.

Santo, "ẹni mímọ́", ló wù mí jù. Ní Cuba, San Lázaro ni àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ fi bo Babalúayé, òrìṣà ìgbóná, mọ́lẹ̀, tí èrò ń wọ́ lọ sí El Rincón lẹ́bàá Havana ní December 17. Santa Bárbara ni wọ́n fi bo Ṣàngó, December 4 ni tiẹ̀. San ti gé, Santa ò gé, torí abo ni. Orúkọ akọ tó bá fi To tàbí Do bẹ̀rẹ̀ kì í jẹ́ kó gé: Santo Tomás, Santo Domingo. Santiago ńkọ́? Sant àti Yago (Jákọ́bù) ló lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Ó sì ń dùn mí pé wọ́n ṣì ń fi orúkọ Babalúayé kọrin lọ́hùn-ún, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa nílé níbí ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ti ciento, ọgọ́rùn-ún, ò le: cien casas (ọgọ́rùn-ún ilé), àmọ́ ciento dos casas (ilé méjìlélọ́gọ́rùn-ún).