Ara mi kò gba wàrà, ẹ̀wà, àlùbọ́sà àti búrẹ́dì, mo sì tún ní àrùn Crohn: báwo ni mo ṣe máa jẹun lóde?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti yẹ inú mi wò ní ilé ìwòsàn, tí wọ́n sì sọ pé àrùn Crohn ló ń bá ìfun mi jà. Mò ń lo oògùn mi déédéé, ara sì ti ń tù mí. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti jẹ wàrà, ẹ̀wà, búrẹ́dì tàbí ọbẹ̀ tí àlùbọ́sà pọ̀ nínú rẹ̀, inú mi á wú, á máa kùn, kò sì ní pẹ́ tí màá fi sáré wọ ilé ìyàgbẹ́. Nítorí èyí, mi ò lọ òde mọ́. Lóṣù tó ń bọ̀, àbúrò mi obìnrin ń ṣègbéyàwó ní Èkó. Èmi ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó, kò sí bí mo ṣe fẹ́ sá. Àwọn àna wa tuntun á gbé oúnjẹ wá. Tí mi ò bá jẹ ẹ́, wọ́n á ní mò ń gbéra ga, tàbí pé mò ń bẹ̀rù pé wọ́n fi nǹkan sí i. Ṣé kí n kúkú má jẹun rárá lọ́jọ́ náà ni?

ÌDÁHÙN

Rárá o. Ẹ má febi pa ara yín lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo máa ń rí lára àwọn tó ń gbààwẹ̀ tipátipá lọ sóde ni pé tó bá di nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ebi á ti pa wọ́n débi pé ohunkóhun tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ ni wọ́n á jẹ, wọ́n á sì jẹ ẹ́ yó. Bẹ́ẹ̀, oúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bó ti wù kó dára tó, máa ń ta ìfun ńlá jí. Bí ikùn ṣe ń kún lókè, bẹ́ẹ̀ ni ìfun á bẹ̀rẹ̀ sí í fún ara rẹ̀ láti ti èyí tó wà nísàlẹ̀ jáde. Gbogbo ènìyàn ló ń ṣe, àmọ́ ó máa ń le jù lára ẹni tí ìfun rẹ̀ kò le. Ẹ jẹun nílé kí ẹ tó jáde: ẹ̀kọ àti ẹyin sísè, tàbí iṣu sísè díẹ̀ pẹ̀lú ẹja. Bí ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba lẹ máa jẹ lóde, ebi kò sì ní yan oúnjẹ fún yín.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi ni pé nǹkan méjì ló ń bá yín jà, kì í ṣe ẹyọ kan. Àrùn Crohn, èyí tí Burrill Crohn àti àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọ nípa rẹ̀ ní New York ní 1932, jẹ́ àrùn tí ààbò ara wa fúnra rẹ̀ máa ń dojú kọ ìfun, tí ìfun á fi wú, tí á pọ́n, tí á sì dégbò. Oògùn tí ẹ ń lò ló ń ká a lọ́wọ́ kò. Oúnjẹ tí ara kò gbà yàtọ̀ síyẹn. Ìfun ni kò lè da ohun kan nínú oúnjẹ náà, ohun náà á wá di omi àti gáàsì síni nínú. Ó ń dunni, ó sì ń tini lójú, ṣùgbọ́n kì í dá egbò sí ìfun. Ṣíbí wàrà tí ẹ ṣèèṣì jẹ lóde lè ba ọjọ́ yín jẹ́, kò lè ba ìfun yín jẹ́. Mo tẹnu mọ́ èyí torí mo ti rí àwọn tó fi ìbẹ̀rù yọ oúnjẹ kan kúrò, tí wọ́n tún yọ òmíràn, títí tí wọ́n fi rù hangogo, nígbà tó sì jẹ́ pé oúnjẹ gan-an ni ara tó ń bá àrùn Crohn jà nílò jù.

Yàtọ̀ sí àrùn coeliac tí màá mẹ́nu bà nísàlẹ̀, ìgbà méjì péré ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń yí padà. Àkọ́kọ́ ni ìgbà tí àrùn náà bá tún gbérí, tí ẹ ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, tí ibà ń ṣe yín. Lákòókò yẹn, kí ẹ lọ rí dókítà yín ló kàn, kì í ṣe òde. Èkejì ni tí àwòrán inú yín bá fi hàn pé ibì kan nínú ìfun ti fún pọ̀. Ẹ bi dókítà yín nípa èyí kí ọjọ́ tó pé. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, àgbàdo sísun, ẹ̀pà, àgbọn, igi ẹ̀fọ́ àti èèpo funfun ara ọsàn lè há sójú ibẹ̀, ṣàkì àti pọ̀nmọ́ tí kò rọ̀ náà sì lè há. Yálà ara yín gbà wọ́n tàbí kò gbà wọ́n kọ́ ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀, ọ̀nà ló há.

Ti wàrà yẹn, kì í ṣe tiyín nìkan. Ní 1971, Olikoye Ransome-Kuti, ẹni tó padà di mínísítà ètò ìlera wa, pẹ̀lú Norman Kretchmer àti àwọn mìíràn tẹ ìwádìí jáde nípa bí àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà ṣe ń da ṣúgà inú wàrà. Wọ́n rí i pé àgbàlagbà Yorùbá tó lè dà á dáadáa ṣọ̀wọ́n, nígbà tí púpọ̀ nínú àwọn Fúlàní tó ń sin màlúù lè dà á. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ẹ jọ máa jókòó yí tábìlì ká lọ́jọ́ náà ni ara wọn kò gbà á, wọn ò kàn fọkàn sí i ni. Ice cream, yúgọ́ọ̀tì àti wàrà oníhóró tí wọ́n dín lẹ máa yẹra fún. Bọ́tà tí wọ́n fi se jọ̀lọ́fù kò tó nǹkan, ṣúgà wàrà kò pọ̀ nínú bọ́tà.

Ẹ̀wà, àlùbọ́sà àti búrẹ́dì kò jọra lójú, ṣùgbọ́n nínú ìfun, ẹbí kan ni wọ́n. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Monash ní Australia ló kó àwọn ohun bẹ́ẹ̀ jọ sábẹ́ orúkọ kan, FODMAP: irú ṣúgà tí ìfun kékeré kò lè gbà sára, tó ń fa omi mọ́ra bó ṣe ń lọ, tó bá sì dé ìfun ńlá, àwọn kòkòrò ibẹ̀ á jẹ ẹ́, á di gáàsì. Ìwọ̀n ló ń ṣe é, wọ́n sì máa ń ṣírò papọ̀. Bí ẹrù tí wọ́n ń dì sórí ọ̀kadà ló rí: àpò kan ń lọ, àpò méjì ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ̀kẹta ló ń dà á nù. Tí ẹ bá jẹ àkàrà àti búrẹ́dì láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, àlùbọ́sà díẹ̀ tó wà nínú ìrẹsì ọ̀sán ló máa wá jẹ̀bi. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láti òwúrọ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí àlùbọ́sà, torí kò sí òde wa kan tí kò sí níbẹ̀. Ṣúgà inú rẹ̀ máa ń yọ́ sínú omi, kì í yọ́ sínú òróró. Tí wọ́n bá gé àlùbọ́sà ńláńlá, tí wọ́n dín in nínú òróró títí tó fi pọ́n, tí wọ́n wá kó o kúrò, òróró yẹn á gbé òórùn àlùbọ́sà láìgbé ìyọnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́ mọ́ tòmátì àti tàtàṣé, ó ti wọnú ọbẹ̀ lọ pátápátá, yíyọ kò sí mọ́. Nítorí náà, kì í ṣe ìrẹsì lọ̀tá yín lóde, ọbẹ̀ tí wọ́n bù sórí rẹ̀ ni. Ìrẹsì funfun, ẹja díndín tí kò tíì wọ ọbẹ̀, ẹran sísun tí wọn ò fi àlùbọ́sà bò, dòdò, iṣu: àwọn wọ̀nyí lẹ fi máa yó, ẹ sì lè fi ṣíbí ọbẹ̀ kan tàbí méjì tọ́ ọ wò. Mọ́ínmọ́ín tí wọ́n rẹ ẹ̀wà rẹ̀, tí wọ́n bó o, tí wọ́n da omi rẹ̀ nù máa ń rọ inú lọ́rùn ju ẹ̀wà sísè lọ, àmọ́ àlùbọ́sà wà nínú òun náà, ẹ má fi ọjọ́ ìgbéyàwó dán an wò. Puff-puff, sámósà àti mít-páì, ìyẹ̀fun àlìkámà ni gbogbo wọn.

Ẹni tí ẹ máa bá sọ̀rọ̀ ni alásè, kì í ṣe ọmọdé tó ń gbé abọ́ kiri. Ọmọ yẹn fẹ́ tẹ́ yín lọ́rùn, á ní "kò sí àlùbọ́sà níbẹ̀, mà" láìmọ ohun tó wà nínú ìkòkò. Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n ìyàwó, ẹ ní ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ẹ pe ìyá alásè kí ó tó lọ ná ọjà, kì í ṣe láàárọ̀ ọjọ́ tí iná ti ń jó lábẹ́ ìkòkò. Ẹ má ka orúkọ àrùn fún un, ohun tó máa fi ọwọ́ ṣe ni kí ẹ sọ: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá dín ẹja tán, kí ẹ tó kó o sínú ọbẹ̀, ẹ bá mi mú bíbù mẹ́ta sọ́tọ̀ pẹ̀lú ìrẹsì funfun. Iyọ̀ àti ata nìkan ni kí ẹ fi sí i. Ẹ kó o sínú kúlà kékeré, ẹ kọ orúkọ mi sí i." Gbogbo alásè ló máa ń se nǹkan sọ́tọ̀ fún àgbà tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kò ní ṣàjèjì sí i. Tí kò bá sì dá yín lójú, ẹ gbé kúlà tiyín dání.

Ní Ìbàdàn níbẹ̀, lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ bá ní kí ẹ jẹ́ ká lọ jẹun, ẹ má bẹ̀rù ilé alámàlà. Iṣu ni èlùbọ́, ẹ̀gẹ́ ni láfún, kò sí àlìkámà nínú àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú sèmó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àgbàdo lásán ni. Gbẹ̀gìrì ni kí ẹ kọ̀, torí ẹ̀wà ni. Ẹ sọ ọ́ kó tó ki ìgbakọ bọ̀ ọ́: "Ewédú nìkan, kí ata má pọ̀." Ó lè wò yín lójú lẹ́ẹ̀kan, kò ní bi yín léèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ti àwọn àna, ohun tí mo mọ̀ ni pé abọ́ tí a kọ̀ ló ń dun ènìyàn, abọ́ tí a gbà tí a kò jẹ tán kì í dunni tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dúpẹ́, ẹ ní: "Ẹ ṣé gan-an, mà. Dókítà ń ṣọ́ inú mi lọ́wọ́, ẹ bá mi di í, màá gbé e lọ fún àwọn ará ilé." Ẹni tó ń di oúnjẹ lọ sílé ti fi hàn pé òun mọyì rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa sọ pé ẹ̀ ń bẹ̀rù májèlé. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín tàbí ọ̀rẹ́ kan tó mọ ọ̀rọ̀ yín jókòó tì yín, kó máa bá yín gba àwọn tó ń fi tipátipá rọni. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìfun fún gbogbo tábìlì. Bí ẹ bá ṣàlàyé, wọ́n á wo yín sàn lójú ẹsẹ̀: ẹnìkan á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, á sì na ìgò àgbo jẹ̀dí tàbí bitters sí yín. Ẹ má mu ún. Púpọ̀ nínú àwọn àgbo yẹn ló ń ṣí inú, ìfun tó lárùn kò sì nílò kí wọ́n tún gbọ̀n ọ́n.

Ẹ tètè kúrò ní Ìbàdàn, torí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ títì márosẹ̀ kì í ro ti ìfun ẹnikẹ́ni. Ẹ wá ibi tí ilé ìyàgbẹ́ wà kí ẹ tó wá àga, kí ẹ sì jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà rẹ̀. Ẹ mú tíṣù, ọṣẹ àti pátá mìíràn sínú báàgì, kí ẹ má sì jẹ́ kí télọ̀ rán aṣọ ẹbí yín fún yín nínú. Tí ẹ bá fẹ́ lo oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró, dókítà yín ni kó fọwọ́ sí i, kì í ṣe oògùn ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ tàbí ibà bá wà. Tí ẹsẹ̀ bá sì ń ro yín lẹ́yìn ijó, paracetamol ni kí ẹ lò. Ibuprofen àti diclofenac lè ta àrùn Crohn jí, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nyí gan-an làwọn ènìyàn máa ń yọ láti inú báàgì. Tó bá jẹ́ pé azathioprine, prednisolone tàbí abẹ́rẹ́ infliximab wà lára oògùn yín, ààbò ara yín ti rẹlẹ̀ díẹ̀: oúnjẹ tó ń gbóná fẹlifẹli ni kí ẹ jẹ, kí ẹ fi sàláàdì tó ti pẹ́ nínú oòrùn sílẹ̀.

Bí ẹ bá ṣèèṣì jẹ ohun tí ara kò gbà, inú wíwú àti ìgbẹ́ gbuuru yẹn sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ máa mu omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Ṣùgbọ́n tí inú bá wú, tí ẹ̀ ń bì, tí gáàsì àti ìgbẹ́ kò sì jáde, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, tí ibà dé, tàbí tí ìgbẹ́ ń jí yín lóru, ẹ pe dókítà yín.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ẹ wá rí onímọ̀ oúnjẹ ní ilé ìwòsàn tí ẹ ń lò, torí mi ò rò pé ó yẹ kí ẹ pa gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tì títí láé. Ti búrẹ́dì ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Àrùn mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní coeliac, tí àlìkámà ń ba ìfun jẹ́ ní tòótọ́, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sì fi ń kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Tí ẹ bá ti jáwọ́ nínú búrẹ́dì tipẹ́, àyẹ̀wò náà lè má rí i mọ́, nítorí náà ẹ má tíì jáwọ́ kí wọ́n tó ṣe é. Tí wọn ò bá rí i, ẹ̀wà la ó kọ́kọ́ dá padà: ṣíbí kan mọ́ínmọ́ín tí a sè láìfi àlùbọ́sà sí, lọ́jọ́ tí ẹ wà nílé, tí ẹ kò jẹ ìkankan nínú àwọn mẹ́ta yòókù.