Ṣé Dryden ló kọ gbogbo ewì inú ìwé yìí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe ní Kent. Màmá òyìnbó kan tí mo tọ́jú fún ọdún mẹ́rin ṣaláìsí lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ wọn sì fún mi ní ìwé kékeré kan tí màmá máa ń ní kí n ka fún àwọn lálẹ́. "The First Part of Miscellany Poems" ni àkọlé rẹ̀. Wọ́n kọ "Publish'd by Mr. Dryden" síwájú, MDCCXVI sì wà nísàlẹ̀. Ewì kan wà nínú rẹ̀ tí màmá fẹ́ràn gan-an, tí kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀. Mo ti ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, mo sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé pélébé kan tí a ó pín níbi ìrántí wọn. Ṣé kí n kọ ọ́ pé Dryden ló ni ín? Ṣé ó yẹ kí n gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnì kan? Ọmọ mi tún ní ìwé náà lè tà lówó gọbọi. Ṣé òótọ́ ni? Èmi Ìyá Ìbejì, Kent.

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì kọ orúkọ Dryden sí i.

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè màmá, Ìyá Ìbejì. Ó ti tó ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń tọ́jú ìwé àtijọ́ nínú ilé-ìkàwé, ó sì ṣọ̀wọ́n kí n gbọ́ pé irú ìwé yìí bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ti kà á sókè fún ẹlòmíì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń ra irú rẹ̀ fún láyé ọjọ́un náà nìyẹn: kí ẹnì kan máa kà, kí àwọn yòókù máa gbọ́.

MDCCXVI ni 1716. John Dryden, akéwì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kú ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, 1700. Ó ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó tẹ ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ tó ń ṣini lọ́nà ni "Publish'd" yẹn. Láyé ìgbà náà, ẹni tó ṣa nǹkan jọ tó sì mú un jáde síta lè jẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Kò túmọ̀ sí pé òun ló kọ ọ́, kò sì túmọ̀ sí pé òun ló náwó sí i. Ẹni tó náwó sí i ni Jacob Tonson, òǹtàwé. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ewé àkọlé yẹn, ẹ ó rí orúkọ rẹ̀ àti àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Strand, ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó gbé àwòrán orí Shakespeare kọ́ gẹ́gẹ́ bí àmì. Dryden dà bí bàbá ìsàlẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sórí káàdì ìpè. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe èrò, òun náà sì gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá, àmọ́ òun kọ́ ló se gbogbo ohun tí wọ́n jẹ.

Ọdún 1684 ni òun àti Tonson mú ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ jáde. Èkejì, tó ń jẹ́ Sylvae, tẹ̀ lé e ní 1685, ẹ̀kẹta ní 1693, ẹ̀kẹrin ní 1694. Lẹ́yìn tí Dryden kú, Tonson kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó tún ṣe méjì sí i ní 1704 àti 1709. Ní 1716 ni wọ́n wá tún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tẹ̀ pọ̀, inú àtẹ̀jáde yìí sì ni tiyín ti jáde. Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé wọn kò kàn da ti àtijọ́ kọ. Wọ́n yọ àwọn ewì kan, wọ́n fi àwọn mìíràn kún un, títí kan ewì John Milton, akéwì tó ti kú láti 1674. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìwé kan tó ṣàlàyé ohun tó wà nínú ìdìpọ̀ 1684, ẹ má ṣe gbà pé ohun kan náà ló wà nínú tiyín.

Lábẹ́ àkọlé, ẹ ó rí i pé wọ́n kọ ọ́ pé ewì wọ̀nyí wá láti ọwọ́ àwọn tó lókìkí jù lọ. Àwọn òyìnbó ìgbà náà ń lo "hands" gẹ́lẹ́ bí àwa ṣe ń sọ pé "láti ọwọ́ lágbájá". Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló wà níbẹ̀. Èwo ló kọ èyí tí màmá fẹ́ràn? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìdí tí orúkọ fi ń sọnù. Púpọ̀ nínú ewì wọ̀nyí ti rìn jìnnà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wé. Ẹnì kan á kọ ọ́ sórí bébà, á fún ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ á dà á kọ, á kà á ní ilé kọfí, ẹlòmíì á tún dà á kọ láti ọwọ́ onítọ̀hún. Nígbà tí òǹtàwé bá fi máa rí i gbà, orúkọ lè ti já bọ́ lọ́nà. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi orúkọ pamọ́. Ojú tíntìn ni àwọn ọlọ́lá kan fi ń wo kí èèyàn máa fi orúkọ ara rẹ̀ ta ewì lọ́jà. Ti obìnrin tún wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Anne Finch, tó padà di Ìyáàfin Winchilsea, kọ ewì kan tó ń jẹ́ "The Spleen". Inú irú àkójọ báyìí ló ti kọ́kọ́ jáde ní 1701, láìsí orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ìwé tirẹ̀ gan-an fi máa jáde ní 1713, ohun tí wọ́n kọ síwájú àwọn ẹ̀dà kan ni pé obìnrin ọlọ́lá kan ló kọ ọ́.

Ẹ̀rù sì tún ń ba àwọn mìíràn. Dryden alára kọ "Mac Flecknoe" láti fi bú akéwì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Thomas Shadwell, ewì náà sì wà nínú ìdìpọ̀ 1684 láìsí orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: tirẹ̀ gan-an kò ní orúkọ, èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ sì wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀ níwájú ìwé.

Owó kò gbẹ́yìn níbẹ̀. Lẹ́tà kan tí Tonson kọ sí Dryden ṣì wà, lórí ewì Ovid, akéwì Róòmù àtijọ́, tí Dryden ń túmọ̀ fún un nígbà tí wọ́n ń múra ìdìpọ̀ 1693 sílẹ̀. Ó ka ìlà ewì bí ẹni ń ka iṣu lójà: gini (owó wúrà ìgbà náà) 50 lòun san, ìlà 1,446 lòun rí gbà, bẹ́ẹ̀ òun ti fọkàn sí ìlà 1,518 fún gini 40. Ara irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni ìwé yín ti jáde. Ewì kékeré kò lè dá di ìwé, òǹtàwé á sì kó wọn jọ títí yóò fi nípọn tó ohun tí èèyàn ń sanwó fún. Bó ṣe tò wọ́n náà jẹ́ ọgbọ́n ọjà. Ní 1709, ewì Ambrose Philips nípa àwọn darandaran ni wọ́n fi ṣí ìdìpọ̀ náà. Irú ewì kan náà tí Alexander Pope kọ, akéwì ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì ju ẹni ọdún mọ́kànlélógún lọ, ni wọ́n fi pa á dé.

Tonson ṣì dára o. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ nínú òwò yìí ni Edmund Curll. Ní 1716 kan náà tí wọ́n tẹ ìwé yín, ó rí ewì mẹ́ta gbà tí wọ́n ń gba ọwọ́ dé ọwọ́, ó tẹ̀ wọ́n, ó pè wọ́n ní Court Poems, orúkọ J. Roberts ló sì fi síwájú, kì í ṣe tirẹ̀. Ó wá kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú kan níbi tó ti ń díbọ́n pé òun ń bi àwọn èèyàn kiri ta ló kọ ọ́: àwọn kan ní obìnrin ọlọ́lá kan ni, àwọn kan ní akéwì John Gay ni, ẹnì kan sì búra pé ẹni tó ń túmọ̀ ewì Homer, akéwì Gíríìkì àtijọ́, ni, ìyẹn Pope. Obìnrin ọlọ́lá kan tó ń kọ ewì, Lady Mary Wortley Montagu, ló ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Inú bí Pope débi pé ó pe Curll sí ilé ọtí kan ní Fleet Street, ó sì da oògùn tó ń múni bì sínú ọtí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá fi ìṣẹ̀lẹ̀ ọ̀hún tẹ ìwé pélébé kan láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. (Ẹ má bínú tí mo yà síbẹ̀, ìtàn yẹn máa ń dùn mọ́ mi.) Curll yìí kan náà tún ń lo "J. Gay" fún ẹni tí kì í ṣe John Gay, kí ojú olùrà lè ṣì í. Ohun tí èyí ń kọ́ wa nípa ìwé yín ni pé bí orúkọ bá tiẹ̀ wà lára ewì kan, a ṣì ní láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí ẹ ó ṣe wá a rèé. Yunifásítì Oxford ní àkójọ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Digital Miscellanies Index, ọ̀fẹ́ ni. Orí irú ìwé bíi tiyín nìkan ni wọ́n gbé e kà, wọ́n sì tú ewì inú wọn palẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú ìwé tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ti Walter Harding, tó ń tẹ dùùrù ní àwọn ilé eré ní Chicago, tó sì kó gbogbo ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún Bodleian, ilé-ìkàwé Yunifásítì Oxford. Ẹ má fi àkọlé ewì wá a, nítorí àkọlé ni òǹtàwé máa ń kọ́kọ́ yí padà. Ìlà àkọ́kọ́ ni kí ẹ tẹ̀ síbẹ̀. Bí kò bá mú nǹkan wá, ẹ mú ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta péré tó lágbára nínú ìlà náà, nítorí sípẹ́lì wọn kò dúró sójú kan. Ẹ sì ṣọ́ra fún "s" gígùn tó jọ "f". Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń kà á lálẹ́ á ti mọ̀ ọ́n dáadáa.

Bí orúkọ bá jáde, ẹ wo ibi tó ti wá. Ṣé inú ìwé kan láyé akéwì náà ni, àbí ẹnì kan ló fọwọ́ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewì lẹ́yìn ìgbà náà, àbí onímọ̀ kan ló méfò rẹ̀? Èyí tó lágbára jù ni kí akéwì fúnra rẹ̀ ti kó ewì náà sínú ìwé tirẹ̀. Bí ẹ bá sì rí i nínú ìwé mìíràn, ẹ fi ìlà wé ìlà. Nínú àkójọ òǹtàwé Lintot ní 1712 ni "The Rape of the Lock" ti Pope ti kọ́kọ́ jáde, ìlà 334 péré ni. Nígbà tó fi máa di 1714, ó ti ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Àkọlé kan náà, ewì tó ti yàtọ̀. Èyí tí màmá gbọ́ ni kí ẹ túmọ̀.

Bí ẹ bá wá a tì, kò sí ìtìjú níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni a kò tíì mọ olówó rẹ̀ dòní. Ẹ kọ ọ́ báyìí sábẹ́ ìtumọ̀ yín: "Láti inú Miscellany Poems, Apá Kìíní, àtẹ̀jáde kẹrin, tí Jacob Tonson mú jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, 1716. A kò dárúkọ ẹni tó kọ ọ́." Ẹ fi nọ́ńbà ojú ewé kún un. Ẹ wo ojú ewé àkọlé kí ẹ tó kọ "kẹrin", kó lè bá ti ọwọ́ yín mu.

Ní ti àṣẹ, ẹ kò nílò ti ẹnikẹ́ni. Òfin ọdún 1710 lábẹ́ Ọbabìnrin Anne fún ìwé tuntun ní ọdún 14 tí ẹlòmíì kò fi lè tẹ̀ ẹ́ láìgbàṣẹ, òmíràn 14 sí i bí òǹkọ̀wé bá ṣì wà láyé, ó sì fún ìwé tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní ọdún 21. Àwọn òǹtàwé Lọ́ńdọ̀nù ṣe bí ẹni pé títí ayé ni, títí ilé ìgbìmọ̀ àwọn Lọ́ọ̀dù fi là á ní 1774 pé kì í ṣe títí ayé. Ohun kan péré ló yẹ kí ẹ ṣọ́: bí ẹ bá fẹ́ lo fọ́tò ojú ewé tí ilé-ìkàwé kan yà, tàbí àlàyé tí ọ̀mọ̀wé òde òní kọ, ìyẹn lè ní ẹni tó ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ti ọwọ́ yín. Ìtumọ̀ Yorùbá tẹ́ ẹ ń ṣe sì jẹ́ tiyín pátápátá, ẹ kọ orúkọ yín sí i.

Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín pé kò ní kọ́lé. Ẹyọ kan ni nínú mẹ́fà, òwò ìwé àtijọ́ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ náwó lórí ẹyọ tó yapa kúrò lára àwọn yòókù. Ohun tó lè gbé iye rẹ̀ sókè ni ìdè àtilẹ̀wá tó ṣì dára, tàbí orúkọ ẹni tó lókìkí tó ti ni ín rí, àti pé kí ó pé. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ó pé ni pé ọ̀rọ̀ kan máa ń dá wà nísàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ yẹn náà ló gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ojú ewé tó tẹ̀ lé e. Níbi tí wọn kò bá ti bára mu, ó ṣeé ṣe kí ewé kan ti já. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ohunkóhun nínú rẹ̀, ẹ má sì gbé e sítòsí ẹ̀rọ amúlégbóná.

Ó ṣeé ṣe kí orúkọ àwọn tó ti ni ín tẹ́lẹ̀ wà nínú ewé àkọ́kọ́. Bí màmá bá fi pẹ́ńsù fa ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewì tí wọ́n fẹ́ràn, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ tiyín àti ọdún tó dé ọwọ́ yín sábẹ́ àwọn yòókù.