Kó o tó tún pa áàpù yẹn rẹ́

Àbúrò mi, o ní ẹ̀ẹ̀mẹta lo ti pa TikTok rẹ́ lórí fóònù rẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta náà lo sì tún dá a padà, o wá ń béèrè bóyá ọ̀lẹ ni ọ́. Rárá o. Ọ̀nà tí mo ti gbà kọjá ni, ó sì ná mi ní ọ̀pọ̀ nǹkan.

Ọdún 2022 ni, nígbà tí àwọn olùkọ́ fásitì daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Ilé ni mo jókòó sí n'Íbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sí ìlú ọba, wọ́n ń tọ́jú àwọn arúgbó níbẹ̀, ọwọ́ wọn kì í sì í dilẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú gan-an. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra dátà òru torí pé òun ni kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n, kí n lè bá wọn sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Kò sí aburú nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tibi iṣẹ́ dé, màá máa fi fídíò dè wọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n á ti sùn lọ, èmi á ṣì wà níbẹ̀, tí màá máa fi àtàǹpàkò ti fídíò kan tẹ̀ lé òmíràn títí wọ́n á fi pe ìrun àsùbáà.

Iléèwé wọlé lóṣù kẹwàá, ara mi ò bá a wọlé. Mo féèlì kọ́ọ̀sì kan. Ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Lóru ọjọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ ríru màmá mi dìde, wọ́n pè mí títí láti yàrá kejì, ohun tí mo kì bọ etí ò jẹ́ kí n gbọ́. Aládùúgbò ló gbé wọn lọ sí ọsibítù. Nígbà tí mo débẹ̀, wọn ò bá mi wí. Wọ́n kàn béèrè bóyá mo ti jẹun.

Mo ra fóònù kékeré oní-tọ́ọ̀ṣì, mo ti ńlá mọ́ inú àpótí. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìbẹ̀rẹ̀ 2023 nìyẹn, owó náírà di ọ̀wọ́n, kódà oníbúrẹ́dì àdúgbò wa ń gba tiránsífà. Mo ní láti mú un jáde. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kó o lọ ju fóònù nù kò tíì ràn ọ́ lọ́wọ́; owó rẹ wà nínú rẹ̀, èsì ìdánwò rẹ wà níbẹ̀, iṣẹ́ tí wàá wá lọ́la náà ń bẹ níbẹ̀.

Ìwé kékeré kan ló là mí lójú. Ìgbàkígbà tí ọwọ́ mi bá lọ síbi fóònù, mo ń kọ aago tó lù àti ohun tó wà lọ́kàn mi kí n tó gbé e. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìgbà 74. Ojú tì mí, mo sì ń kọ ọ́ lọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, mo rí i pé fídíò yẹn gan-an kọ́ ni mò ń wá. Lọ́sàn-án, bí mo bá ti ṣí orí kejì pírójẹ́ẹ̀tì mi báyìí ni ọwọ́ mi ń lọ, torí ọ̀gá tó ń bójú tó o ti dá a padà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rù wọn sì ń bà mí. Lóru, àárò ẹ̀gbọ́n mi ni. Egbò méjì ni, aṣọ kan ṣoṣo ni mo fi ń bò wọ́n, ìkankan ò sì jinná. Ìdí nìyẹn tí TikTok fi ń padà wá bá ọ: o pa á rẹ́, ohun tó ń lé ọ lọ síbẹ̀ wà níbi tó wà.

Má sì gbàgbé pé àwọn tó ṣe áàpù wọ̀nyí mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó má bàa tán ni. Láyé àtijọ́, ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń dópin, wàá ní láti tẹ ibì kan kí èyí tó kàn tó jáde. Aza Raskin, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣètò bí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì ṣe máa rí, ló ṣe èyí tí kì í tán bó o ṣe ń fà á lọ sísàlẹ̀ ní 2006, òun fúnra rẹ̀ sì ti jáde sọ pé ó ń dun òun. Ta ló lè jẹun yó nínú àwo tí kì í gbẹ?

Mo lọ bá ọ̀gá mi lójúkojú, mo jẹ́wọ́ pé iṣẹ́ náà ò yé mi. Wọ́n fà mí jókòó, wọ́n ṣàlàyé ẹ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi fẹnu kò sí aago mẹ́jọ alẹ́ Sunday, ìpè ni, kì í ṣe àtẹ̀jíṣẹ́. Mo ra agogo tí ń jíni, fóònù wá ń sùn ní pálọ̀ lórí tábìlì màmá mi. Mo pa gbogbo ohun tó ń dún lórí rẹ̀ àfi ìpè. (Àwọn kan ní kí n sọ ojú rẹ̀ di dúdú àti funfun, ojú mi mọ́ ọn lọ́jọ́ kejì.) Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le, ọwọ́ á máa yún mi nínú òkùnkùn. Ọ̀sẹ̀ kejì, oorun bẹ̀rẹ̀ sí í wá.

Ó ṣì máa ń mú mi. Nígbà tí mò ń retí èsì iṣẹ́ kan, òru mẹ́ta ni mo pàdánù kí n tó rántí mú ìwé mi.

Kọ tìrẹ fún ọjọ́ mẹ́rin kó o tó pa ohunkóhun rẹ́. Lẹ́yìn náà kó o padà wá sọ ohun tó o rí níbẹ̀ fún mi, pàápàá ti òru. Màá dúró dè ọ́.