Ẹ má fi orí gáà àtijọ́ ṣe oko àfihàn

Ẹ kú oko o, àroko-bọ́dún-dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè bóyá ẹ lè gbin chickpea, irú ẹ̀wà kan, sóko yín ní Ìdòfìàn ní Kwara, torí fídíò tẹ́ ẹ wò nípa àwọn àgbẹ̀ Íńdíà, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣojú mi.

Ẹ pa chickpea tì ná. Lóòótọ́, Íńdíà ló ń kórè rẹ̀ jù lágbàáyé, àmọ́ nǹkan bí oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá ni wọ́n ń gbìn ín, nígbà tí òtútù wọn ń wọlé, sórí ilẹ̀ dúdú tó ń di omi mú lẹ́yìn òjò. Tí ooru bá ká a mọ́ ìgbà tó ń tanná, òdòdó rẹ̀ á gbọ̀n dànù. Ilẹ̀ tiwa yìí, yanrìn ni. Òjò ń lọ báyìí, ó ti gbẹ táútáú. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mú nínú fídíò yẹn ni oko àfihàn: ọ̀nà tuntun àti ọ̀nà àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nínú oko àgbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀wà lèmi fi ṣe é. Mo sì jẹ gbèsè kí n tó jẹ èrè.

Lọ́dún 2018, ọmọ agíríìkì kan bá wa ṣe é lọ́nà Ìgbájà. Ó ní ẹ̀bá títì ló dáa, kí àwọn tó ń kọjá lè máa rí i. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an làwọn Fúlàní darandaran tẹ gáà, ìyẹn ibùdó àwọn àti màlúù wọn, sí kí wọ́n tó ká lọ. Ẹni tó bá ti roko lọ́dọ̀ wa mọ bí ìgbẹ́ màlúù ṣe ń mú ilẹ̀ lọ́ràá. Ẹ̀wà yẹn so débi pé ọlọ́kadà ń dúró wò ó. Lọ́dún kejì mo yáwó lọ́wọ́ àjẹṣẹ́kù, mo gbin ékà méjì, irúgbìn kan náà, oògùn kan náà, àmọ́ kì í ṣe orí gáà. Ohun tí mo kó kò tó san gbèsè. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi ń sá fún akọ̀wé ẹgbẹ́ ní mọ́sáláṣí.

Ní 2020 mo fúnra mi ṣe é. Àárín oko, ilẹ̀ tí kò dáa jù tí kò sì burú jù, ni mo ti wọn ìdajì ékà, mo pín in sí méjì. Apá kan, bí bàbá mi ṣe ń ṣe é: irúgbìn ọjà, hóró mẹ́rin sí ihò kan, ìṣísẹ̀ kan síra, kí n fín in lẹ́ẹ̀kan tí mo bá rántí. Apá kejì: irúgbìn tuntun, hóró méjì, ebè gbọọrọ tó fi sẹ̀ǹtímítà 75 jìnnà síra, ihò sí ihò 20, àti súpà (ajílẹ̀ fọ́síféètì) kìlò 15. Mi ò bu yùríà, ajílẹ̀ náítírójìn, sí i. Ẹ̀wà ń fa náítírójìn látinú afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀. Yùríà tó bá pọ̀, ewé lẹ máa kó. Ọjọ́ kan náà ni mo gbin méjèèjì, ní àárín oṣù kẹjọ, kó lè gbó nígbà tí òjò bá ti ń káṣẹ̀.

Oògùn ló kó mi láyà sókè jù. Lọ́jọ́ kan mo já òdòdó kan lápá àtijọ́. Lóde, kò sí nǹkan tó ṣe é. Mo ya á sí méjì: kòkòrò bí ìdin, ó funfun rúsúrúsú, àmì dúdú tò sẹ́yìn rẹ̀, ó ti jẹ inú òdòdó náà tán. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó rí ihò lára èèpo ẹ̀wà ti pẹ́ dé. Ìgbà tí òdòdó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ orí ni kẹ́ ẹ ti fín àkọ́kọ́, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tí oyin ti lọ sílé. (SAMPEA 20-T, irúgbìn ẹ̀wà tí IAR, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Zaria, gbé jáde, kò gbà fún kòkòrò yìí, àmọ́ ẹ ṣì máa fín in nítorí àwọn kòkòrò mìíràn.)

Mo gbé méjèèjì lórí ìwọ̀n: 41 kìlò lápá àtijọ́, 79 lápá tuntun. Inú mi dùn, àfi bí ìyàwó mi ṣe bi mí pé, "Ta ló sanwó àwọn tó já a?" A jókòó, a ṣírò ẹ̀. Kìlò ẹ̀wà la fi ka owó, torí náírà kì í dúró lójú kan. Nínú 38 tó lé, oògùn, súpà àti owó àwọn tó já a gbé 17 lọ. Mọ́kànlélógún ló kù fún wa, ìyẹn la sì ń pè ní èrè.

Ní ọjà Ìpàtà ní Ìlọrin, wọ́n wò ó, wọ́n ní kì í ṣe olóyin, wọ́n gé owó. Àwọn alákàrà ló gbà á lọ́wọ́ mi nígbẹ̀yìn, torí èèpo rẹ̀ tètè ń bó. Mi ò sì tà á ní oṣù kọkànlá tí gbogbo ayé ń tà. Ìyá mi bu hóró kan jẹ títí ó fi dún kákà lẹ́nu wọn, wọ́n ní ó ti gbẹ, a dà á sínú àpò onípele mẹ́ta, a di ìpele kọ̀ọ̀kan pinpin, láìfi oògùn sí i. Oṣù kẹrin la tú u, kòkòrò kankan ò sí níbẹ̀, owó rẹ̀ sì ti yàtọ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìn ín lọ́dún yìí, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ibẹ̀ ibi tí gáà wà tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ tó na okùn.