Ṣé sack 4 tó láti wọ NFL?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Kóòṣì. Ọmọ mi wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì, edge rusher ni. Sack 4 péré ló ní ní sáà tó kọjá, àmọ́ ọkùnrin kan tó fẹ́ máa ṣe aṣojú rẹ̀ kò jẹ́ ká gbádùn fóònù. Ó ní kí ọmọ náà fi ilé-ìwé sílẹ̀, kó wọ draft tó ń bọ̀. Bàbá rẹ̀ ní kò sóhun tó jọ ọ́, àfi tó bá gbàwé ẹ̀rí. Èmi máa ń lọ wò ó, ṣùgbọ́n eré náà kò yé mi tó. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ọmọ mi tó o? — Ìyá kan, Maryland.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Fún àwọn olùkà wa tó wà nílé, bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà là ń sọ. NFL ni líìgì àwọn tó ń fi í jẹun, draft sì ni ibi tí àwọn ẹgbẹ́ NFL ti máa ń mú àwọn ọmọ yunifásítì, ní ìpele-ìpele. Edge rusher ni ẹni tó ń dúró ní ìpẹ̀kun ìlà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó yí ìta wọlé, kó mú quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kejì, balẹ̀ kó tó jù ú. Bó bá mú un, sack nìyẹn.

Mà, ẹ jẹ́ ká gbé iye sack tì ná. Ní ọdún 2020, edge rusher kan, Odafe Oweh, ṣeré 7 fún Yunifásítì Penn State, kò sì ní sack kan ṣoṣo. Síbẹ̀ ẹgbẹ́ Baltimore mú un ní ìpele kìíní draft 2021, òun ni ẹni 31. Nígbà tó fi di 2024, sack 10 ló ní fún wọn. Kí ni wọ́n rí lára rẹ̀? Ọkùnrin tó wúwo ju pọ́ùn 250 lọ, tó sá yáàdì 40 kí ìṣẹ́jú àáyá 4.4 tó pé, tó sì ń dé ọ̀dọ̀ quarterback léraléra, bí bọ́ọ̀lù tilẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ onítọ̀hún. Sack lè jẹ́ oríire: àwọn yòókù á lé quarterback, á sì sá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ yín. Ẹni tó ń débẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ti oríire kọ́.

Nítorí náà, ẹ gba fídíò lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣa ibi dáadáa nìkan jọ o. Odindi eré ni kẹ́ ẹ gbà, kó sì jẹ́ èyí tí wọ́n bá àwọn tó le jù ṣe. Àwọn ọmọ girama tó ń ṣeré ní ipò yìí ni mò ń kọ́ níbí ní Houston, àárọ̀ Sátidé la sì máa ń jókòó ti fídíò wọn. Ohun tí mo máa ń wá ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ dá fídíò dúró níbi tí bọ́ọ̀lù ti ń kúrò nílẹ̀. Ṣé òun ló kọ́kọ́ gbéra nínú àwọn tó wà lórí ìlà, àbí ó ń retí kí ẹlòmíì gbéra? Lẹ́yìn náà, ẹ wo tackle, ọkùnrin gìrìwò tó ń dí i lọ́nà. Bí ìbàdí ọkùnrin yẹn bá ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìṣísẹ̀ kẹta, ọmọ yín ti ń borí rẹ̀ nìyẹn.

Ibi tí mo máa ń pẹ́ sí jù ni kọ̀nà tí wọ́n ti ń yà sọ́dọ̀ quarterback. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó yára ló máa ń sáré kọjá ibẹ̀ lọ sẹ́yìn. Ẹni tó máa jẹun nídìí iṣẹ́ yìí á rẹ èjìká rẹ̀ sílẹ̀ débi tí apá tackle á fi fẹ́ lórí rẹ̀ kọjá, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀, gbogbo ara á dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọ̀kadà tó ń já kọ̀nà, eré rẹ̀ ò sì ní dín kù. Mo lè kọ́ ọmọ bí á ṣe lo ọwọ́ rẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ tí kì í tẹ̀, díẹ̀ báyìí ni mo lè ṣe sí i.

Ọwọ́ yẹn náà ṣe pàtàkì. Bí tackle bá na ọwọ́ sí i láyà, ṣé ó ń gbá a dànù kó tó kàn án? Bí ọgbọ́n àkọ́kọ́ kò bá jẹ́, ṣé ó ní òmíràn, àbí ó kàn ń bá ọkùnrin náà tira wọn títí eré á fi tán? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ tó fi agbára borí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ní girama ti máa ń há. Bí wọ́n bá sì gbé bọ́ọ̀lù sáré wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ṣé ó dúró gbọn-in? Ẹni tí kò lè dúró, ìgbà tó bá dájú pé wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n á máa pè é wọ pápá.

Àwọn kan lè ní apá ọmọ yín kò gùn tó. Apá Aidan Hutchinson, edge rusher bíi tiẹ̀, fi díẹ̀ lé ní íǹṣì 32, kò gùn fún ipò yìí, síbẹ̀ òun ni ẹni kejì tí wọ́n mú ní draft 2022.

Ó wá ku aṣojú yẹn. Ìgbìmọ̀ kan wà ní NFL tó ń gba àwọn ọmọ tí kò tíì parí ilé-ìwé nímọ̀ràn. Kí kóòṣì rẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Èsì wọn kì í ju mẹ́ta lọ: ó lè bọ́ sí ìpele kìíní, ó lè bọ́ sí ìkejì, tàbí kó padà sílé-ìwé. Bí wọ́n bá ní kó padà, ti bàbá rẹ̀ ni mo máa ṣe. Boye Mafe, tí orúkọ rẹ̀ fi ilé hàn, lo ọdún 5 ní Yunifásítì Minnesota kí Seattle tó mú un ní ìpele kejì ní 2022. Sack 3 ló ní lọ́dún àkọ́kọ́. Ní 2023 ó ní 9, ó sì ní sack nínú eré 7 tó tẹ̀ léra.

Bí aṣojú náà bá tún pè, ẹ bi í pé eré wo gan-an ló wò, tackle wo ni ọmọ yín sì borí níbẹ̀. Bí kò bá lè dárúkọ ẹnì kan, ẹ má gbé ìpè rẹ̀ mọ́.