Ẹ má fi abẹ kan ahọ́n ọmọ yẹn, etí ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé nǹkan kan lẹ́nu ọmọ náà o. Ẹ ní ó ti pé ọdún mẹ́rin, pé láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú tí wọ́n gbé e wá bá yín, kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan tó yéni. Ìyá ọkọ yín ní àgídí ni, aládùúgbò kan ní okùn abẹ́ ahọ́n rẹ̀ ló fà á, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e. Okùn abẹ́ ahọ́n lè mú kí ọmọ má lè pe àwọn ohùn kan dáadáa. Kì í sọ ọmọ di ẹni tí kò sọ̀rọ̀ rárá.

Mo bá wọn tọ́jú ọmọ fún ìgbà pípẹ́ nílé àwọn ọmọ aláìlóbìí kan n'Ìbàdàn, ọmọ tí mo sì gbà tọ́ láti ibẹ̀, adití ni. Ìṣòro irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe jẹ́ látilẹ̀. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ wà láyé, ìyá á ní, "Àtìgbà tó ti ṣe ibà pọ́njú yẹn ni mo ti ń pè é tí kì í yíjú." Èyí tí wọ́n ń gbé láti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n sí ọwọ́ àbúrò, ta ni yóò rántí? Ìwà ni wọ́n á kà á sí: olóríkunkun ni, òpònú ni. Wọ́n á sì máa nà án.

Ẹ ṣọ́ ọ nígbà tí ẹ bá ní kí àwọn ọmọ ilé wá jẹun. Ṣé ó máa ń wo àwọn yòókù kó tó dìde? Ohun tí mo fi ń dá wọn mọ̀ nìyẹn. Ọmọ tí kò gbọ́ máa ń gbọ́n lójú, á máa wo ẹnu, á máa wo ọwọ́, á máa ṣe ohun tí èrò ń ṣe, débi pé àlejò ò ní fura. Á máa fa èèyàn láṣọ dípò kó pè é. Tí iná bá lọ lálẹ́, ara rẹ̀ ò ní balẹ̀ mọ́, torí ojú ló fi ń gbọ́.

Àtẹ́wọ́ kì í ṣe ẹ̀rí. Tí ẹ bá pa á lẹ́yìn rẹ̀, afẹ́fẹ́ ẹ̀ lè kàn án lára, òjìji yín sì lè yọ níwájú rẹ̀. "Ó ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀, ó ń jó sí ìlù" náà kì í ṣe ẹ̀rí. Ohùn ìlù nípọn, ti "s" àti "ṣ" tínrín; etí tó gbọ́ ọ̀kan lè má gbọ́ èkejì. Ọmọ kan wà lọ́dọ̀ wa tó máa ń kùn "ẹ káàárọ̀" bó ṣe ń lọ sókè sódò gẹ́lẹ́, láìsí kọ́ńsónáǹtì kankan nínú rẹ̀. Gbogbo ilé á máa rẹ́rìn-ín. Etí rẹ̀ ò gbé àwọn ohùn tínrín ni. Nígbà tí tiyín bá ń ṣeré, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀ níbi tí òjìji yín ò ní dé, kí ẹ fi ohùn ojoojúmọ́ pe "m", "ù", "à", "ì", "ṣ", "s" lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ èyí tó yíjú sí sílẹ̀, kí ẹ mú un lọ bá dókítà.

Ẹ ò sọ èdè tí ìyá rẹ̀ ń sọ. Wọ́n mú ọmọbìnrin kan wá bá wa nígbà kan tí kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn, wọ́n sì ti fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé pé kò lè sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ìró tí kì í yíjú sí. Ìyá kan tó ń ta ẹja gbígbẹ, ará Àgbádárìgì, ló kí i lédè Ẹ̀gùn. Ọmọ bú sẹ́kún, ló bá ń sọ̀rọ̀ láìdánudúró. Ìbànújẹ́ náà lè pa ọmọ lẹ́nu mọ́ fún oṣù mélòó kan. Àmọ́ ìbànújẹ́ kì í dí etí, ẹ má tìtorí rẹ̀ dúró sílé.

Ẹ wá ẹni tó mọ ìyá rẹ̀ rí, kí ẹ béèrè nípa àwọn ohun tó lè di etí ọmọ: ibà pọ́njú nígbà tí wọ́n bí i, àrùn lọ́rùnlọ́rùn, ṣegede (ìyẹn lè di etí ẹyọ kan ṣoṣo), abẹ́rẹ́ gentamicin, àti etí tó ń ṣọyún. Ẹ béèrè nípa káńfọ̀ pẹ̀lú, hóró funfun tí a máa ń jù sáàárín aṣọ. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan ò gbà á, àìtó G6PD ni dókítà ń pè é. Tí wọ́n bá wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tuntun, ó lè fa ibà pọ́njú tó le. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tá a bá kó 100 ọmọ tí etí wọn di jọ, nǹkan bí 60 ló jẹ́ pé ohun tó ṣeé dènà ló fà á. Inú máa ń bí mi tí mo bá rántí.

Ẹ má rọ àdí tàbí àgbo sí i létí o. Ìlù etí lè ti lu.

Ní ọsibítù, ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun ni kí ẹ béèrè. UCH n'Ìbàdàn ní i. Wọ́n á kọ́kọ́ wò ó bóyá ìdọ̀tí ló dí i. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n máa ń kì bọ ihò etí, OAE lorúkọ rẹ̀. Ó ń sọ bóyá inú etí ń ṣiṣẹ́, kò sọ bóyá iṣan tó ń gbé ohùn lọ sí ọpọlọ ń ṣiṣẹ́. Iṣan yẹn sì wà lára ohun tí ibà pọ́njú tó le máa ń bà jẹ́. Lórí èsì OAE ni ọsibítù kan fi dá èmi àti ọmọ mi padà, wọ́n ní etí rẹ̀ pé. Àyẹ̀wò ABR ló tú àṣírí, èyí tí wọ́n máa ń lẹ wáyà mọ́ orí ọmọ nígbà tó bá sùn. Tí wọ́n bá ní OAE tiyín dára tí kò sì yí nǹkan kan padà nílé, ẹ béèrè ABR, kí ẹ má tijú.

Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ò fi bẹ́ẹ̀ ran ọmọ tèmi lọ́wọ́, ó sì ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Èdè ọwọ́ ló sọ ọ́ di ẹni tó ń bá mi jiyàn. Ẹni tó bá sọ pé èdè ọwọ́ á jẹ́ kó ya ọ̀lẹ láti sọ̀rọ̀, ẹ má dá a lóhùn. Láti 1960 ni Andrew Foster, adití aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ti dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ n'Ìbàdàn níbí.

Tí èsì bá jáde, ẹ kọ iye tí wọ́n kọ fún etí ọ̀tún àti ti òsì síbí, láìkọ orúkọ ọmọ. Mo lè bá yín kà á.